Ẹ̀dọ̀ Tó Kù Nínú Àwo Màmá

Láti kékeré ni mo ti ń gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbàkígbà tí Màmá bá jẹun tán, ẹran máa ń kù nínú àwo wọn, èmi ni mo sì ni ín. Lójú wọn, àgbà tó bá jẹun tí kò ṣẹ́kù fún ọmọ, ọ̀kánjúà ni.

Ó pẹ́ tí Màmá ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́dún yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì sìn wọ́n lọ sí ọsibítù. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ kò tó lára wọn.

"Èyí tó ń ru náà ló tún kéré?" Màmá bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Àìsàn méjì ni. Ọkàn yín sì ń ru ẹrù méjèèjì pọ̀. Tí a ò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè dá iṣẹ́ sílẹ̀."

Ó fún wọn ní oògùn, ó ní kí wọ́n máa jẹ ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Èmi ni mo ra ẹ̀dọ̀ ní Sábó, èmi náà ni mo sè é. Màmá jẹ díẹ̀, wọ́n ti àwo sí mi. Mo rántí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì dáadáa. Síbẹ̀ mo jẹ ẹ́, nítorí pé ó dùn, àti pé kíkọ̀ ọ́ jọ àfojúdi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá di ògiri mú kí wọ́n tó lè gun àtẹ̀gùn ilé wa, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. N kò lè wo ojú wọn. Nígbà tí wọ́n tún ti àwo sí mi, mo kọ̀.

"Kí ló dé? Ẹnu mi dọ̀tí ni?"

"Rárá, Màmá. Ọkàn yín ni mo ra á fún."

"Kí n jókòó síwájú ọmọ, kí n máa dá ẹran jẹ? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Wọ́n bo àwo náà. Ẹnì kankan nínú wa kò jẹ ẹ́. Ó bàjẹ́ mọ́jú, ẹ̀bi rẹ̀ sì tún wá sórí mi.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbé oúnjẹ síwájú wọn, ẹ̀yìnkùlé ni mo ń lọ, kí ojú ọmọ má baà sí níbẹ̀. Mo máa ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Lánàá, nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti jẹ gbogbo rẹ̀, àfi ègé kékeré kan.

"Ìyẹn ò lè pa mí," wọ́n ní. "Wá jẹ ẹ́, kó o tó fọ abọ́ mi lu."

Mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ni mo gbé àwo wọn lọ fọ̀.