Ọjọ́ Tí Mo Lọ Wo Adágún Omi Orí Òkè

Ẹnu àbúrò kan ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ọmọ Ìbàdàn tó ń gun ọ̀kadà gbé oúnjẹ kiri, tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lókè tèmi nínú yàrá tí a jọ háyà ní Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá.

"Ẹ̀gbọ́n, adágún omi wà ní Hatta o, láàárín òkè gangan! Ẹ lè pàgọ́ síbẹ̀ kẹ́ ẹ sùn. Kò sí géètì, kò sẹ́ni tó máa pè yín ní sikióríìtì."

"Ta ló wá ń ṣọ́ omi náà?"

"Ẹ gbọ́ ẹ̀gbọ́n! Wọn ò tíì débẹ̀, wọ́n ti ń wá ẹni tó ń ṣọ́ ọ."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ẹnu ọ̀nà ilé gíga kan ní Al Majaz ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti pẹ́ débi pé àwọn ará ilé náà ò mọ̀ pé mo lórúkọ. "Sikióríìtì, líìfìtì ti bà jẹ́." "Sikióríìtì, ta ló páàkì síbi tèmi?" Nígbà tí ìsinmi mi dé, ohun tí mo fẹ́ ò ju pé kí n fi ọjọ́ kan péré wo omi yẹn láti orí òkè, kí ẹnikẹ́ni má sì pè mí bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo yá tẹ́ǹtì àbúrò náà, mo di gààrí àti ẹja inú agolo, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Hatta. Mi ò ní bàtà ìgunkè, bàtà iṣẹ́ ni mo wọ̀, èyí dúdú tó bo kókósẹ̀. Ṣòkòtò dúdú ni mo bá a wọ̀, nítorí kì í tètè dọ̀tí. Ẹ̀yin ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Èmi ò rí i.

Mo pàgọ́ sẹ́bàá ọ̀nà, nísàlẹ̀ òkè. Bí mo ṣe nàró kí n mí kanlẹ̀, ọkọ̀ kan dúró níwájú mi, ará India kan yọrí síta: "Ọ̀gá, ṣé mo lè páàkì síbí?"

Ó yẹ kí n ní mi ò mọ̀. Ọwọ́ mi ló ṣáájú ẹnu mi. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀, sir. Ẹ rọra. Ó tó! Òmíràn dé, òmíràn tún tẹ̀ lé e, mo tò wọ́n bí eyín ọlọ́mọge. Obìnrin kan béèrè ilé ìyàgbẹ́, mo júwe rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ò tíì débẹ̀. Mo rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń dáná sídìí igi gbígbẹ, mo ní, "Yalla, ó yá, kì í ṣe ibí!"

"Ẹ jọ̀ọ́, sikióríìtì."

Ó gún mi láyà. Oòrùn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo wọnú tẹ́ǹtì, mo bọ́ bàtà àti ṣòkòtò, mo wọ ṣòkòtò ìsùn olódòdó mi àti sílípáàsì ilé ìwẹ̀, mo bá kọrí sókè. Òkúta ń gba sílípáàsì lẹ́sẹ̀ mi, mo ń gbà á padà. Àwọn òyìnbó tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ ń wò mí bí ẹni tó sá nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹnìkan ò bi mí ní nǹkan kan. Ayọ̀ mi kún!

Mo dé òkè. Omi náà wà nísàlẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ìgò mínírà, òkè pupa sì yí i ká. Mo káwọ́ sẹ́yìn, mo ya ẹsẹ̀ díẹ̀, mo ń wò ó.

Bàbá Pakistan kan tó wọ aṣọ sikióríìtì tòótọ́ jókòó nítòsí lórí àga rọ́bà. Ó wò mí látorí dé sílípáàsì.

"Kọ́ńpìnì wo lo wà?"

"Mi ò sí ní kọ́ńpìnì kankan. Mo wá sinmi ni."

"Habibi, ọ̀rẹ́ mi, wo bí o ṣe dúró!" Ó dìde. "Mo fẹ́ lọ kírun. Bá mi dúró. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ etí òkè."

Kí n tó lanu, ó ti lọ. Ta ló fẹ́ fi irú ibi yẹn sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ? Mo dúró. Omi ń ṣú díẹ̀díẹ̀, ó rẹwà, mo sì ń fi ojú kan wò ó, ojú kejì wà lára tọkọtaya tó ń ya fọ́tò.

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn."

Ó sún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi: "Ẹ ṣeun, sikióríìtì."

Oòrùn wọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: ṣé kí n ka ọjọ́ yẹn mọ́ ìsinmi ni, àbí kí n padà lọ tọrọ òmíràn lọ́wọ́ ọ̀gá mi?