Màámi Wọ Ihò Òkúta Ẹfun

Nígbà tí Màámi ṣe opó bàbá wa tán, ọ̀dọ̀ mi ní Thomas Estate, l'Ájáh, ni wọ́n wá ń gbé. Ẹnu fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí. Bí wọ́n bá fẹ́ jáde, èmi ni mo máa ń ní, "Ẹ jókòó, Màámi, oòrùn ti mú jù." Wọn kì í bá mi jiyàn.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàlàbá ló ní ká wá kí òun. Ó mú wa gun òkè pẹrẹsẹ kan tí igbó bò, tó jẹ́ kìkì òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ńtì. L'Ájáh, iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀ wa. Bí èèyàn bá gbẹ́ ẹ díẹ̀, omi ti dé. Níbẹ̀ yẹn, odò kékeré kan ń ṣàn bọ̀ lójú wa, ó dé ẹsẹ̀ àpáta, ilẹ̀ sì gbé e mì.

"Níbo ló gbà?" Màámi bi ọdẹ àdúgbò náà tó ń fọ̀nà hàn wá.

Àbúrò mi fi Pidgin sọ ọ́ fún un. Ọdẹ náà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ẹnu ihò kan lábẹ́ gbòǹgbò igi.

Mo ní kí Màámi dúró níta. Wọ́n ti ń ká ìró wọn sókè. "Bísímílláhì," wọ́n wọlé. Mo sáré tẹ̀lé wọn kí wọ́n má baà ṣubú.

Ọdẹ náà tan tọ́ọ̀ṣì, ó bọ́ síwájú wa. Inú ihò náà tutù. Òkúta rọ̀ sílẹ̀ láti òkè bí ọmú ewúrẹ́, omi ń kán lẹ́nu wọn. Nígbà tó yá, ọ̀nà fún débi pé ẹ̀gbẹ́ la fi ń rìn. Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Mi ò rí èémí mí dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

Màámi yíjú padà, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ojú mi ni kó o wò. Má wo òkúta. Rọra mí."

Wọ́n fà mí títí a fi jáde. Wọ́n ní kí àbúrò mi jókòó tì mí. "Èmi fẹ́ mọ ibi tí odò yẹn gbà," ni wọ́n wí, wọ́n sì tẹ̀lé ọdẹ padà wọnú òkùnkùn.

Nígbà tí wọ́n jáde, ẹrẹ̀ ti kun ìró wọn, gèlè ti tú, ẹ̀rín sì gba ẹnu wọn. "Ó ń ṣàn nísàlẹ̀! Mo bù ú bọ́jú!"

Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Mo ti rò pé ọ̀fọ̀ ló so wọ́n mọ́ ẹnu fèrèsé. Mi ò mọ̀ pé ìbẹ̀rù tèmi náà wà níbẹ̀.

A kò tíì pẹ́ dé Ájáh tí wọ́n ní àwọn fẹ́ dá lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rọ̀ oòrùn ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì, mo bá wọn gbé báàgì dé ibùdókọ̀.