Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Gbé Lọ Fọ̀

Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bínú díẹ̀díẹ̀. Tínú bá ti bí mi, ó ti bí mi náà nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n kó àwa nọ́ọ̀sì jọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ìbínú ni mo bá débẹ̀. Èmi tí mo ti ń gbẹ̀bí, kí lẹ tún fẹ́ kọ́ mi?

Obìnrin tó ń kọ́ wa da omi pupa sórí ìró ańkárá kan, ó ní ká fojú wọn bó ṣe pọ̀ tó. Mo ní kò ju ife tíì kan lọ. Ó gbé ìró náà, ó fún un sínú jọ́ọ̀gì. Omi ń dà, ó ń dà, jọ́ọ̀gì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ojú ẹ ti pa ìyá ìkókó kan báyìí o.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mi ò fẹnu kan ìrẹsì tí wọ́n pín fún wa.

Àmọ́ etí mi gbọ́. Ó ní ká má gba ojú gbọ́ mọ́, ká gbé aṣọ tó rin sórí òṣùwọ̀n, ká yọ ìwọ̀n aṣọ gbígbẹ kúrò, ìyókù ni ẹ̀jẹ̀. Ó tún ní tí ewu bá dé, ẹni tó kọ́kọ́ rí i ló máa pariwo, òun náà ló máa pín iṣẹ́ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà á wá tún un sọ síta pé òun gbọ́. Ibẹ̀ la ti rẹ́rìn-ín jù. Ní Ẹdẹ níbí? Ta ló ń rán àgbà níṣẹ́?

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ṣàlàyé fún Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá wa ní wọ́ọ̀dù. Ó wò mí tòkè tilẹ̀.

“Ọ̀mọ̀wé dé! Ìkókó là ń gbé sórí òṣùwọ̀n níbí, a kì í wọn àkísà. Ṣé o mọ iye ọmọ tí ọwọ́ mi ti gbà kó o tó ní eyín?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, mà.” Ìbínú ni mo fi padà sídìí iṣẹ́ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó àgbẹ̀ kan láti Alajue bímọ sọ́dọ̀ wa. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e wá. Ọmọ ké, gbogbo wa ní ẹ kú ewu ọmọ, ìyá ọkọ jó yí bẹ́ẹ̀dì ká. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí àwọn ìyá wa máa ń ṣe. Tí ìró tó wà lábẹ́ ìyàwó bá ti rin, á fà á yọ, á tẹ́ èyí tó mọ́, á gbé èyí tó rin jáde. Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún àlejò. Ará ilé ló ń fọ̀ ọ́, bí ará ilé náà ṣe ń gba ibi ọmọ lọ rì. Ìyá tèmi náà ṣe é fún ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ìkà níbẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí Mátírọ́ọ̀nù bá yọjú, aṣọ mímọ́ ló ń rí.

“Ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀,” ló wí. “Ó dáa.”

Ìyàwó wá ní, “Nọ́ọ̀sì, òtútù ń mú mi.”

Òtútù wo, nínú oòrùn yẹn? Mo dì í lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ tutù, òógùn bò ó, ètè rẹ̀ ti funfun. Mo sáré jáde lọ wo àwọn ìró tí wọ́n ti gbé lọ. Ìyá ọkọ wà nídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, ó ń kọ orin ìdúpẹ́. Omi inú báàfù pọ́n, ìró tí kò tíì fọ̀ sì wà lórí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Mà, ara rẹ̀ ni gbogbo eléyìí ti jáde?”

“Yé wò ó, nọ́ọ̀sì mi. Ojú àlejò kì í débẹ̀.”

“Ìyàwó yín ń kú lọ, mà!”

Mo kó ìró náà mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀ títí dé wọ́ọ̀dù. Mo dà á síwájú Mátírọ́ọ̀nù.

“Ṣé orí ẹ pé ṣá?”

Mo ti gbé ọwọ́ lé ikùn ìyàwó, ilé ọmọ rọ̀ múlọ́múlọ́. Mò ń fi gbogbo agbára ra á, mo fi igbe ta: “Ẹ̀jẹ̀ ń ya! Ẹnì kan pe dókítà! Mátírọ́ọ̀nù, ẹ gún un lábẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ le! Ẹ sọ fún mi pé ẹ gbọ́!”

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

Mátírọ́ọ̀nù wò mí, ó wo ilẹ̀. “Mo gbọ́,” ló wí. “Abẹ́rẹ́.” Ó gún un. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ọwọ́ obìnrin yẹn yá ju tèmi lọ.

Ilé ọmọ le. Dókítà dé, wọ́n fa omi sí i lára. Dókítà ní, “Ẹ̀jẹ̀ tó lọ tó báwo? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ká wá ẹ̀jẹ̀ fún un.” Kò sẹ́ni tó tíì wọ̀n ọ́n. Kí n tó lanu, Mátírọ́ọ̀nù ti fà mí wọ ọ́fíìsì.

“O rán mi níṣẹ́. Lójú agbálẹ̀, lójú ìyá Alajue, o rán mi níṣẹ́! Kúnlẹ̀.”

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n kọ́ mi nílé. “Ẹ má bínú pé mo pariwo, mà. Àmọ́ tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá tún rán yín.”

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà tí mo fi rí i gba ojú fèrèsé: ìyá ọkọ ti kó ìró rẹ̀, ó ń padà lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ta ní ń dúró kí wọ́n ní kóun dìde? Mo dìde, mo sáré tẹ̀ lé e.

“Ẹ gbé e fún mi, mà.”

“Nọ́ọ̀sì, kí ni mo fi ṣe ẹ́? Aṣọ mi ni!”

Òun ń fà, èmi ń fà. Mátírọ́ọ̀nù yọ orí lójú fèrèsé.

“Ìyá, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ bá a kó èyí tó wà nínú báàfù náà.”

Èyí tó wà nínú báàfù ò wúlò mọ́, omi ti wọ̀ ọ́. Mo gbé ìyókù sórí òṣùwọ̀n ìkókó, mo yọ ìwọ̀n ìró gbígbẹ kúrò. Ìyókù nìkan ti tó. Dókítà wo òṣùwọ̀n, ó ní kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kejì fi máa wọ̀ ọ́ lára tán, ìyàwó ti ń bi mí pé ọmọ òun dà.

Ìyá ọkọ rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Mátírọ́ọ̀nù. Ó yíjú sí mi, ó wò mí tòkè tilẹ̀, ó pòṣé.