Lẹ́tà Kan Nínú Orúkọ Mọ́rìlíátù

Ọmọ Ìlọrin ni Sàlíhù, ṣùgbọ́n Niamey, olú-ìlú Niger, ló ti di bàbá ọlọ́mọ. Àdúgbò Lazaret ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, níbi tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ìwé Faransé kan tó nípọn bíi búrẹ́dì ló fi kọ́ ara rẹ̀, ọdún mẹ́rin gbáko. Ẹ bá mi kí i!

Ohun tó máa ń bí i nínú jù láyé ni kí wọ́n kọ orúkọ Yorùbá níkọkúkọ. Ìdí nìyẹn tó fi ṣe ètò kan sórí kọ̀ǹpútà ilé-kéwú Àáfà Sànúsí ní àdúgbò Harobanda, láti máa tẹ ìwé ẹ̀rí àwọn tó bá parí Kùránì, orúkọ kálukú tàmìtàmì. Ọdún méje ni ètò náà fi ṣiṣẹ́, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Lọ́dún 2013, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ṣe wòlímọ̀ àwọn tó parí Kùránì, àtúnṣe tuntun tí àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà máa ń fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní mise à jour, wọ inú kọ̀ǹpútà náà. Ó pààrọ̀ àwọn irinṣẹ́ tí gbogbo ètò inú rẹ̀ jọ ń yá lò. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ní kó tẹ ìwé Ìyá Mọ́rìlíátù, ètò Sàlíhù á dákú. Ìyá yìí ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ kéwú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti wọkọ̀ láti Ìlọrin torí ìwé yìí.

"Mise à jour yẹn ló bà á jẹ́!" Sàlíhù ń pariwo. "Haba! Kí ni ètò mi ṣe fún wọn?"

Gbogbo ilé-kéwú bá a bínú sí àwọn tó fi àtúnṣe náà ránṣẹ́. Àáfà Sànúsí ní, "Ṣé kí a kúkú yọ àmì orí orúkọ Ìyá kúrò?"

"Ẹ má bínú, Àáfà. Ìyẹn kì í ṣe orúkọ wọn."

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń dán orúkọ wò níkọ̀ọ̀kan. Kàbír jáde. Fàìsàt jáde. Mọ́nsúrátù kọ̀, Mọ́rìlíátù kọ̀. Ó wo orúkọ méjèèjì títí, ó sì rí i. Ọ́ ni! Lẹ́tà kan ni òun kà á sí nígbà tó ń ṣe ètò náà, bí gbogbo Yorùbá ṣe ń kà á. Ṣùgbọ́n méjì ni kọ̀ǹpútà ń kà á: ọ lọ́tọ̀, àmì orí rẹ̀ lọ́tọ̀. Àyè tó wọ̀n fún orúkọ kò tó, ìyókù sì ń dà sílẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ àtijọ́ ń mójú kúrò ni, àwọn tuntun kò gbà. Àṣìṣe rẹ̀ ni, láti ọdún méje. Ojú tì í gidigidi. Ó fẹ àyè náà, ìwé Ìyá sì jáde.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé àṣìṣe rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ wòlímọ̀, Àáfà Sànúsí bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín níwájú gbogbo èèyàn: "Àwọn oníṣẹ́kíṣẹ́ ba kọ̀ǹpútà wa jẹ́, Sàlíhù ló gbà wá!"

Sàlíhù ìbá dákẹ́, ìyìn ìbá sì jẹ́ tirẹ̀. Ó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àáfà, ẹ má bú wọn mọ́. Èmi ni mo ṣì í ṣe. Mo purọ́ mọ́ wọn."

Ìyá Mọ́rìlíátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lórí itan.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ kéwú yìí, Sàlíhù. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣì í kà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún mi pé mo ṣì í. Wá jókòó tì mí, ọmọ mi."

Sàlíhù lọ jókòó tì í. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, kò sì nù ún.