Ọkọ̀ Tí Bàbá Mi Kàn fún Odò Ògùnpa

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tí òyìnbó kan pinnu pé òun yóò fi ọkọ̀ rin odò Ògùnpa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ti ń ṣe tíṣà nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ lẹ́bàá Òkè Màpó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ àtíbàbà la ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Òyìnbó yìí ni ìjọ fi ṣe alábòójútó ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ fún wa. Ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ òrùlé ilé náà wà, iṣẹ́ òrùlé yìí gan-an sì ni bàbá mi, káfíńtà ní Pópó Yemọja, ń fi gbogbo ara wá. Káfíńtà kan láti Èkó náà ń wá a. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti sọ káàkiri àdúgbò pé iṣẹ́ náà ti di tòun, ó sì ti gba ọmọṣẹ́ kún ọmọṣẹ́. Bí ará Èkó bá gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú wo ni bàbá mi yóò fi kọjá ní Bẹẹrẹ?

Òyìnbó náà ní ìwé kan láti ìlú rẹ̀ tí ń kọ́ni bí a ṣe ń rin odò. Ìwé náà kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó sọ irú ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ó sọ bí a ṣe ń tọ ipa ẹsẹ̀ létí odò, ó tilẹ̀ sọ irú fìlà tí ẹja kò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ó ní kí a fi ìyẹ́ adìyẹ ṣe kòkòrò, kí a so ó mọ́ ìwọ̀, ẹja yóò gbé e mì. Òyìnbó fẹ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípa Ògùnpa, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé wá sí Ìbàdàn lè rí nǹkan ṣe lọ́jọ́ ìsinmi. Ó wá sí ilé wa, èmi sì ni ògbifọ̀. Ó ní kí n béèrè bóyá Ògùnpa gba ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìwà wa kan. Láàárín ara wa, a lè pe Ògùnpa ní ohunkóhun tó bá wù wá. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti béèrè, òkun ni.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. “Sọ fún un pé ó gba erin.”

“Bàbá, ìgbà òjò ńlá nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí.”

“Ṣé òyìnbó béèrè ìgbà lọ́wọ́ ẹ ni? Ohun tí mo sọ ni kí o sọ.”

Alágbẹ̀dẹ tó múlé tì wá, tí n kò rí i kó jẹ ẹja Ògùnpa rí, fi tirẹ̀ kún un: “Ẹ bá wa sọ fún un pé ẹja ibẹ̀ ń gbó bí ajá!”

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀, mo sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kún un. Òyìnbó mi orí bí ọlọgbọ́n. Ó ní ìwé òun ti kìlọ̀ pé àwọn ọmọ ìlú máa ń fẹ́ fi odò rere pamọ́ fún ara wọn. Báyìí ni òótọ́ kan ṣoṣo tó gbọ́ lọ́jọ́ náà ṣe di irọ́. Ó ní kí bàbá mi kan ọkọ̀ fún òun. Bí ọkọ̀ náà bá dára, òrùlé di tirẹ̀.

Bàbá mi kò kan ọkọ̀ rí. Ilẹ̀kùn, àpótí àti pósí ló mọ̀ ọ́n kàn, nígbà tí ọkọ̀ náà sì parí, ó jọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a dá, àwọn ọmọṣẹ́ rù ú lọ sí Ògùnpa, ará àdúgbò tẹ̀ lé wa bí ẹni ń sin ìyàwó. A bá odò náà nílé, àmọ́ kò lè dìde. Omi kò mu ni dé kókósẹ̀. Àwọn ìyá kan ń fọ aṣọ, àwọn mìíràn ń gbẹ́ yanrìn kí wọ́n tó rí omi bù. Òyìnbó jókòó sínú ọkọ̀, ó mú àjẹ̀, ó sì wa yanrìn títí ó fi làágùn. Nígbà tí ó rí i pé òun kò kúrò lójú kan, ó ní kí àwọn ọmọṣẹ́ gbé ọkọ̀ náà. Wọ́n gbé e tòun tirẹ̀, wọ́n ń rìn lọ láàárín odò. Lórí èjìká wọn ló ti ju ìwọ̀ rẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ adìyẹ, ó sì gbé nǹkan lóòótọ́.

“Òyìnbó, ẹ dákun o!” ni ìyá kan ké. “Ìró mi nìyẹn, kò gbó bí ajá!”

Òyìnbó sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní báwo ni òun yóò ṣe mọ̀ pé ọkọ̀ dára nígbà tí kò sí omi tí yóò léfòó lé? Káfíńtà ará Èkó ti wà létí odò láti àárọ̀. “Bàbá,” ló wí, “ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọ̀sà wa l'Ékòó, níbi tí omi wà.”

Ẹ̀rín sọ. Mo wo bàbá mi, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n ó yí sí àwọn ìyá tó ń pọnmi.

“Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá mi da omi yín sínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò jẹ́ kí omi jáde, ṣé ó lè jẹ́ kí omi wọlé?”

Ìkòkò tẹ̀ lé ìkòkò. Ọkọ̀ kún dé àárín. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti imú ọkọ̀ náà, kò sì kúrò níbẹ̀. Òyìnbó yí ọkọ̀ po, ó ń fọwọ́ pa pákó wò. Kò rí ibi tó ń jò. Ó bọ bàbá mi lọ́wọ́, ó ní òrùlé ti di tirẹ̀. Nígbà tí bàbá mi dìde, ẹ̀yìn dàńṣíkí rẹ̀ tutù rinrin. Òyìnbó ní kí n kí i, pé òógùn òṣìṣẹ́ tòótọ́ nìyẹn. Mo kí i.

Òyìnbó kọ ìwé rẹ̀. Mo kà á: ó ní Ògùnpa dára fún ọkọ̀ nígbàkúgbà, àti pé ọkọ̀ kì í mi lórí rẹ̀ rárá. Àwọn òyìnbó mìíràn tẹ̀ lé ìwé náà dé ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì. Alágbẹ̀dẹ wa kẹ́dùn pẹ̀lú wọn. Ó ní, “Ẹ̀ bá ti tètè dé. Àná ló kún.”

Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà parí, òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀. Orí tábìlì mi ni òrùlé bàbá mi ń jò sí. Mo lọ sọ nílé.

“Ibì kan ṣoṣo?” ni bàbá mi wí. “Ká ní ará Èkó ni, ibi mẹ́rin ni ì bá ti jò.”

Ọkọ̀ náà ni a gbé wá sábẹ́ ibi tó ń jò. Omi tó rí nínú kíláàsì mi ju èyí tó rí ní Ògùnpa lọ, imú rẹ̀ sì ń jò ó síta díẹ̀díẹ̀, sí ẹsẹ̀ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi kọ́gbọ́n. Bí àlejò bá béèrè bí odò yín ti jìn tó, ẹ sọ ibi tó mu yín dé, kí ẹ sì sọ oṣù tí ẹ wọ̀ ọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin ni àlejò, ẹ kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ omi, kí ẹ tó bẹ káfíńtà.