Ẹ̀yìn Ni Wọ́n Là Nítorí Ẹsẹ̀ Mi ní Iléṣà

Ojú mi yìí ló rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Àfi ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú mi sùn, ìyẹn nìkan ni n ò rí.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mo kúrò ní Òkè-Baálẹ̀. Mo sọ fún Ìyá Sikira, ìyàwó mi, pé obì tí mò ń tà ni mo fẹ́ lọ rà. Irọ́ ni. Èmi tí mo máa ń dá gbé àpò obì sínú ọkọ̀, ṣé kí n wá máa sọ fún obìnrin pé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń wọ́ nílẹ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni bàbá tó ń to egungun ládùúgbò wa ti fi òrí ra á, ó ní ọrùn ẹsẹ̀ ló yẹ̀.

Ní Ìbòkun, mo bọ́ sílẹ̀ kí èrò kan lè sọ̀. Ọkọ̀ ti gbéra kí n tó rí i pé sálúbàtà ọ̀tún mi kò bá mi wọ ọkọ̀.

"Dírẹ́bà, dúró! Bàtà mi!"

"Bàbá, ṣé ẹsẹ̀ yín ò mọ ìgbà tí bàtà bọ́ ni? N ò lè torí bàtà ẹyọ kan padà o."

Ẹsẹ̀ kan bàtà, ẹsẹ̀ kan lásán ni mo fi wọ ilé ìwòsàn ní Iléṣà. Iyán ni wọ́n ń tà lẹ́nu géètì láago mẹ́sàn-án àárọ̀! Ẹ̀kọ àti àkàrà là ń jẹ lásìkò yẹn lọ́dọ̀ tiwa. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà, ẹran ẹyọ kan.

Wọ́n ya fọ́tò inú ẹ̀yìn mi. Dókítà, ọmọbìnrin tí mo lè bí, ní, "Bàbá, ẹ̀yìn yín ni."

"Ẹsẹ̀ ni mo gbé wá!"

"Tìmùtìmù àárín egungun ẹ̀yìn yín ló yọ, ó ń tẹ iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbéra. Iṣẹ́ abẹ la ó fi tú u sílẹ̀. Ẹ ti pẹ́ kí ẹ tó wá. Ta ló bá yín wá?"

Kò sí ẹnì kan. Wọ́n ní àfi kí ẹbí mi fọwọ́ sí i. Tipátipá ni mo fi pe ilé.

Ìyá Sikira dé tòun ti àpò òfìfo.

"Kí nìyẹn?"

"Àpò obì tí ẹ wá rà ni, Bàbá Sikira. Ẹ dì í, ká máa lọlé."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó mi fẹ́ tẹ̀ka síwèé, ẹ̀ẹ̀mejì ló ní kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ fún òun.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, dókítà ní kí n gbé ẹsẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ gbéra díẹ̀. Àtàǹpàkò kò mira.

"Ṣé ọ̀la ni ìyẹn máa gbéra?"

"Bàbá, ó lè má gbéra mọ́."

Nígbà tí a padà sí Òkè-Baálẹ̀, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn wọlé. Bàbá tó ń to egungun wá kí mi, ó tún mú òrí dání. Mo ní kó lọ fi para lọ́nà ilé rẹ̀.

Ohun tó sọnù nìyí: sálúbàtà ẹyọ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan tó ṣì wà lára mi.