Ibi tí Sùtánà Fẹ́rànmí ti Ya

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba Bẹẹrẹ kọjá lọ sí Mápó, tí ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí Ìyá Sùtánà ò ránṣọ mọ́, ẹ dúró lónìí kí n sọ ọ́ fún yín. Ìbéèrè náà ti sú mi. Àwọn kan ní ojú ló ń dùn ún. Àwọn kan ní ìjọ rẹ̀ ló lé e. Mojísọ́lá lorúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́ ju tèmi lọ, ó ṣì ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìjọ lé e lẹ́nu iṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló mú un fi aṣọ bo máṣíìnì.

Òwú àti bọ́tìnnì ni mò ń tà. Ṣọ́ọ̀bù mi ti fara ti tirẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlélógún. Oníbàtísí ni mí, Edith ni àkọ́bí mi, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mojísọ́lá ni kì í sọ̀rọ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni àpótí píìnì rẹ̀? Tẹ́ ẹ bá kí i láàárọ̀, orí ló máa fi dáhùn, píìnì mẹ́fà á máa yọ ṣóńṣó láàárín ètè rẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé ọjọ́ tó bá sín ló máa gbé e mì. Á fi imú rẹ́rìn-ín.

Agboolé kan lẹ́yìn Mápó ni wọ́n bí i sí. Òkè Àdó ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tí kò mọ̀wé, tí kì í fi téèpù wọn ènìyàn. Okùn òwú funfun ni ìyá náà fi ń wọn wọ́n: á ta kókó kan sí ibi tí èjìká parí sí, á ta òmíràn sí ti àyà, òmíràn sí ti ìbàdí, òmíràn sí ti gígùn. Mojísọ́lá mọ̀wé o, ó ka ìwé mẹ́fà tán, àmọ́ ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ìṣó ni, okùn oníkókó kan lórí ìṣó kan, fún oníbàárà kan. Kò kọ orúkọ sí ọ̀kankan. Ó mọ̀ wọ́n bí ìyá ṣe ń mọ ọmọ. Ìjọ aláṣọ funfun kan wà ní Bẹyẹrúnkà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni òun náà ń lọ, òun ló sì ń rán sùtánà wọn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Iṣẹ́ sùtánà yìí ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta yanjú.

Fẹ́rànmí, ọmọ Hilda, wà lára àwọn akọrin ìjọ yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ń múra ìdánwò Jáàmù, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Mojísọ́lá fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ìkórè èṣí ń bọ̀, iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ débi pé orí máṣíìnì ló ti ń jẹun. Ó na ọwọ́ sí ògiri, ó mú okùn. Kì í ṣe okùn Fẹ́rànmí ló mú. Ti ọmọ kan tó ń jẹ́ Purity ni, tí ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀.

Nígbà tí Fẹ́rànmí wá wọ̀ ọ́ wò, ó ní, "Mà, ó fún mi níbàdí." Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. Mojísọ́lá yọ píìnì lẹ́nu, ó wo aṣọ náà lọ, ó wò ó bọ̀, ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ aṣọ ti gé, ìkórè sì ku ọ̀túnla. Ó ní kó máa wọ̀ ọ́, pé tó bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì á dẹ̀. Ọmọ náà dúpẹ́, ó lọ. Irú irọ́ kékeré tí gbogbo télọ̀ ń pa nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìkórè, ní ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ orin tán, Olúwọlé tó jẹ́ ọ̀gá akọrin ní kí Fẹ́rànmí bá òun kó ìwé orin wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó fipá bá ọmọ náà lò pọ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì ní fi ewé bò ó. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ lásán rìn délé ní ojúmọmọ, sùtánà rẹ̀ ya láti èjìká dé abẹ́ apá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọjọ́ Ajé ni ìròyìn dé Bẹẹrẹ. Ẹ wá gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èmi Ìyá Edith, tí mo bí obìnrin mẹ́ta. Mo ní, "Kí ló wọ̀?" Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀, mi ò lè kó o mọ́. Wọ́n ní sùtánà ló wọ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, àbí? Aṣọ tó bo ọrùn, tó bo ọwọ́, tó bo kókósẹ̀! Kí ló tún kù tí obìnrin lè wọ̀, àfi kó gbé ilé wọ̀? Kò tán o. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, wọ́n ti rántí pé sùtánà yẹn fún un níbàdí nígbà ìkórè. Wọ́n ní òun ló ní kí télọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ń fi aṣọ mímọ́ ṣe oge. Obìnrin kan tó wá ra òwú lọ́dọ̀ mi ní ọkùnrin kì í ṣe igi. Mo ta òwú fún un.

Mojísọ́lá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí máṣíìnì. Ó kàn ń tẹ máṣíìnì náà lọ, kò sì sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Àwọn àgbà ìjọ bẹ Hilda pé kó má tíì gbé ọ̀rọ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, pé ọ̀rọ̀ inú ilé Ọlọ́run ni, kí àwọn gbọ́ ọ ná ní ọjọ́ Àìkú. Wọ́n gba sùtánà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá ránṣẹ́ sí Mojísọ́lá pé kó wá jẹ́rìí: ṣé ọmọ náà ló ní kó fún aṣọ mọ́ òun lára ni? Tó bá ti lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, Olúwọlé ti bọ́, Fẹ́rànmí ni wọ́n á sì dá lẹ́bi níwájú gbogbo ìjọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Mojísọ́lá ò fi jẹun kánú. Ní ọjọ́ Ẹtì ló jẹ́wọ́ fún mi pé okùn olókùn lòun mú. Èmi wá gbà á nímọ̀ràn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ní kó sọ pé òun ò rántí. Mo ní oúnjẹ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, pé kò sẹ́ni tó ń lọ kọ́ṣẹ́ mìíràn nígbà tó bá ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún.

"Ìyá Edith," ó ní, "ọmọ yẹn sọ fún mi pé ó fún òun."

Mo tẹ̀lé e lọ ní ọjọ́ Àìkú. Èmi oníbàtísí bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé. Wọ́n ti tẹ́ sùtánà náà sórí tábìlì, àbẹ́là lọ́tùn-ún, àbẹ́là lósì. Mẹ́ta nínú àwọn àgbà ìjọ mẹ́tàlá ń fi téèpù wọn ìbàdí aṣọ tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Olúwọlé jókòó níwájú, Bíbélì wà lórí itan rẹ̀. Fẹ́rànmí wà lẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀kùn, nínú àǹkárá ìyá rẹ̀, torí wọ́n ní kò tíì yẹ kó wọ funfun. Mo wo ibi tí oníkálukú jókòó sí, mo ti mọ ibi tí ìdájọ́ máa já sí.

Mojísọ́lá kúnlẹ̀. Ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó yọ okùn Fẹ́rànmí, ó nà án lé ìbàdí sùtánà náà. Okùn fi ìka mẹ́ta gùn ju aṣọ lọ.

"Bàbá, okùn ọmọ yìí nìyí," ó ní. "Aṣọ ò tó o. Ọwọ́ mi ló ṣì. Ó sọ fún mi pé ó fún òun, èmi ni mo ní kó máa wọ̀ ọ́."

Hilda bú sẹ́kún, èmi náà rò pé a ti jàre. Ẹ wo òmùgọ̀! Èyí tó dàgbà jù nínú wọn mí kanlẹ̀, ó kọjú sí Mojísọ́lá. Ó ní, "Á jẹ́ pé ìwọ lo gbé ìdánwò wọ ilé Ọlọ́run." Wọ́n ní kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje, kò sì gbọdọ̀ rán sùtánà fún ìjọ náà mọ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, sùtánà obìnrin gbọdọ̀ fi ínṣì mẹ́rin fẹ̀ ju ara lọ. Olúwọlé ńkọ́? Wọ́n ní kó lọ gbàdúrà fún agbára, torí èṣù ló dán an wò. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Àgbà mẹ́tàlá ló wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìgbà náà ni Fẹ́rànmí sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Kò pariwo.

"Ẹ ti wọn ìbàdí rẹ̀, ẹ ti wọn gígùn rẹ̀," ó ní. "Kò sẹ́ni tó wo èjìká rẹ̀ nínú yín. Ta ló ya á?"

Ẹnì kan dá orin, wọ́n sì gbè é. Nígbà tí à ń jáde, wọ́n ká sùtánà náà, wọ́n jù ú sí Mojísọ́lá lẹ́sẹ̀, pé kó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Hilda ò dúró de ìjọ mọ́, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ bá obìnrin agbẹjọ́rò kan ní Òkè Bọ́lá. Obìnrin náà ní ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn àgbà fi dá wọn dúró ti ba nǹkan jẹ́, pé kò dájú pé dókítà á tún rí nǹkan kan lára ọmọ náà. Ó ní àmọ́ sùtánà yẹn ṣì wà, pé bó ṣe ya láti èjìká dé abẹ́ apá, kò sí adájọ́ tó máa rí i tí kò ní mọ̀ pé wọ́n fipá mú ẹni tó wọ̀ ọ́ ni. Kí wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ kejì bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì dé etí àwa. Ní ọjọ́ Ajé kan náà, Mojísọ́lá tú ẹ̀gbẹ́ sùtánà náà méjèèjì, ó fi aṣọ funfun tuntun lé e, ó mú un bá okùn Fẹ́rànmí mu rẹ́gí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí èjìká. Ọwọ́ ló fi rán ibẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí ọmọ náà lè máa wọ̀ ọ́ láìrántí. Òwú tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú ọjà mi ni mo fún un, mi ò gba kọ́bọ̀. Mo jókòó tì í títí ó fi parí, mo ń yìn ín. Mo ní, Mojí, ọwọ́ ẹ mà dáa o.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a gbé e lọ sílé wọn. A bá Hilda níbi tó ti ń wé gèlè, ó ń múra Òkè Bọ́lá, ó sì ní àwọn náà ti fẹ́ yà lọ́dọ̀ wa wá gba aṣọ yẹn. Ó wá sọ ohun tí agbẹjọ́rò wí. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, Fẹ́rànmí ti tú sùtánà náà, ó ń fi ìka wá ibi tó ya léjìká rẹ̀. Ó wá a lọ́tùn-ún, ó wá a lósì. Ó yí inú aṣọ náà síta, ó tún wá a. Kò rí i. Mo ti sọ fún yín pé ọwọ́ Mojísọ́lá dáa. Hilda jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Wọ́n ṣì gbé ẹjọ́ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Èmi àti Mojísọ́lá lọ jẹ́rìí pé aṣọ náà ya. Àwọn ọlọ́pàá ní télọ̀ tí ìjọ lé ni, inú ló ń bí i. Ọlọ́pàá kan gbé sùtánà náà sókè lójú wa, ó ní aṣọ yìí kò ya, kò sì fún. Títí di òní, ẹjọ́ ò kúrò lójú kan. Olúwọlé ti padà sídìí orin. Tí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ gbà ní Bẹyẹrúnkà lọ́jọ́ Àìkú, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti títì, ohùn náà sì dùn, ìyẹn ló ń bí mi nínú jù. Hilda àti ọmọ rẹ̀ ti kó lọ sí Òkè Padre.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló mú Mojísọ́lá fi aṣọ bo máṣíìnì. Ohun tí Fẹ́rànmí ṣe kí a tó kúrò nílé wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni. Ọmọ tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Ó ká sùtánà náà dáadáa, ó gbé e mọ́ àyà, ó kúnlẹ̀ níwájú télọ̀ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà," ó ní. "Kò fún mi mọ́."